Àbọ̀ ọ̀rọ̀ inverter tó ń kú lálẹ́: a ti rí ìdí rẹ̀

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: inverter sólà wa máa ń kú lálẹ́ gbàrà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá gbéra. Á ní bátìrì ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ áàpù orí fóònù ń sọ pé ó ṣì ku 70%.

Bátìrì ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ní kí n tan áyọ́ọ̀nù kó lè máa fa iná púpọ̀, kí n sì fi mítà wọn iná níbi méjì, ẹ ṣeun gan-an ni. Lórí bátìrì, mo rí fóltì 52.1, lẹ́nu inverter, 48.6. Ojú ọ̀nà ni ìyókù ń sọnù sí! Irin tí wọ́n fi dé orí wáyà pupa kò di wáyà náà mú dáadáa. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ́, ó ti dúdú. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù, torí irú ooru bẹ́ẹ̀ lè dáná sunlé.

Iye tó kù nínú bátìrì ni áàpù ń kà. Ṣùgbọ́n fóltì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni inverter ń wò. Tí ẹ̀rọ omi bá ń gbéra, ó máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fóltì tó ń dé ọ̀dọ̀ inverter á sì já sísàlẹ̀ 48 tá a ní kó máa kú sí.

Oníṣẹ́ iná pa gbogbo ẹ̀, ó gé ibi tó jó, ó fi irin tuntun sí i. Ní báyìí, 52.0 àti 51.8 ni. Ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, inverter ò kú mọ́.