Ṣé kí n ṣe bọ́tìnì ẹ̀tàn tí ọ̀gá mi ní kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jì ńlá kan ni mo wà, ọ̀gá mi wá ní kí n tún ojú ewé tí kọ́sítọ́mà fi ń kánsù owó oṣooṣù ṣe, kí bọ́tìnì "Máa bá a lọ" tóbi kó pọ́n bí iná, kí "Mi ò ṣe mọ́" wá rí tín-ín-rín bí eérú nísàlẹ̀, téèyàn bá sì rí i tẹ̀, ojú ewé mẹ́rin ló ṣì kù níwájú. Láti wọlé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ o!

Mo ti bá a sọ ọ́, mo tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Epic Games, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù Fortnite, hàn án, bí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn kọ́sítọ́mà ní Amẹ́ríkà, ṣe ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 245 dọ́là lọ́dún 2022 torí bọ́tìnì ẹ̀tàn, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo rò ó kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹlòmíì á ṣáà bá wọn ṣe é.

Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ṣé kí n kọ̀ jálẹ̀ ni àbí kí n kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ lọ́yà ilé iṣẹ́ lọ? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.