Iná kẹ̀kẹ́ mi mọ́lẹ̀ rekete, síbẹ̀ n kì í rí kòtò

Ìbéèrè:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn láti Àlàbàtà wá sílé ní Ọbáńtókò lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n kọ 1,000 lumen sí lára ni mo so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Iwájú táyà mi máa ń mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, ṣùgbọ́n kòtò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kì í hàn sí mi títí n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ níwájú mi ní láti dúró, ó ní iná mi kò jẹ́ kí òun ríran mọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣé kí n ra èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Ará Ìbarà:
Ẹ má tíì náwó lórí agbára. Lumen ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lápapọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Abọ́ dídán tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì rí roboto, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ náà sì ń jáde ní roboto, nítorí náà bí ẹ bá kọjú àárín rẹ̀ sí òkèèrè, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á lọ sókè, sójú ẹni tó ń bọ̀ àti sára ewé igi. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ a sì pọ̀ jù nítòsí, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kan nǹkan ní mítà 5, ìdá 1 nínú 16 rẹ̀ ló máa kan ohun tó wà ní mítà 20. Ọmọlójú yín a kéré nítorí ìmọ́lẹ̀ ìtòsí yẹn, òkèèrè a wá ṣókùnkùn.

Ní Jámánì, òfin ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní StVZO béèrè pé iná iwájú kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ fọ́ ẹlòmíràn lójú. Iná tí wọ́n ṣe fún òfin náà ní ìlà kan lókè tí ìmọ́lẹ̀ kì í ré kọjá, bí ìgbà tí awakọ̀ bá rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. LED inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọjú síta rárá. Inú abọ́ tó dà bí igbá tí a là sí méjì ló kọjú sí, abọ́ yẹn ló sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tó ń fi èyí tó pọ̀ jù sí abẹ́ ìlà náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ jìnnà ń gbà kọjá, tó sì ń bu ìwọ̀nba fún ìtòsí. Lux, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú ibì kan ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n wọ̀n ní mítà 10 ni kí ẹ máa wò.

Ará Aké:
Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ìlú olókè ni tiwa. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti tún gun òkè, ìlà yẹn a gé ìmọ́lẹ̀ kúrú níwájú yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra sáré níbẹ̀. Ẹ má sì so iná mọ́ akoto, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí eruku tó wà nítòsí ojú yín a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà bí aṣọ funfun.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rẹ orí tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ lálẹ́ àná, kò sì sẹ́ni tó ráhùn, àmọ́ n kò ríran jìnnà. Màá ra èyí tó ní ìlà. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé mo gbé e sí ibi tó yẹ?

Ará Ìbarà:
Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí orí ilẹ̀ títẹ́jú, ní mítà 5 sí ògiri. Bí iná yín bá ga ní mítà 1, ẹ jẹ́ kí ìlà náà fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju iná lọ lára ògiri; ní mítà 50 ni yóò kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan bá yín gùn ún bọ̀ lọ́nà, kí ẹ sì dúró níwájú rẹ̀ fúnra yín.