Àfòmọ́, iyẹ̀pẹ̀, ajílẹ̀: ọ̀rọ̀ wo ló bá ọ́kíìdì mu?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n wa dá àbá mẹ́ta lórí ọ́kíìdì, òdòdó tí àwọn olóyìnbó ń pè ní orchid: kí a máa pè é ní àfòmọ́ olóòórùn dídùn, kí Brassavola nodosa, irú ọ́kíìdì kan tí àwọn elédè Sípáníìṣì ń pè ní dama de noche, máa jẹ́ Ìyáàfin Òru, kí a sì máa pe ohun tí a ń gbìn ín sí ní iyẹ̀pẹ̀ ọ́kíìdì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: kò sí ọ̀kan tí mo lè gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyáàfin Òru ló rọrùn jù láti kọ̀. Obìnrin tó ń jáde lóru, ẹ mọ ohun tí ayé ń pè é. Ta ni yóò gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé yàrá rẹ̀? Iṣẹ́ tí òdòdó náà ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́sàn-án, ẹ lè gbé imú lé e kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òórùn tó súnmọ́ ti òdòdó ọsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, torí àfòpiná ńlá tó ń fò lóru ló fi ń pè wá mu omi dídùn tó wà lọ́rùn òdòdó. Kì í ṣe kòkòrò oyin ló ń pè. Atasánsán-lálẹ́ ni àbá tèmi. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó ń sọ fún olùtọ́jú pé òdòdó rẹ̀ kò bàjẹ́ bí kò bá gbọ́ òórùn kankan ní aago méjì ọ̀sán.

Àfòmọ́ gan-an ni kókó ìjà mi. Àfòmọ́ tí àgbẹ̀ mọ̀ lórí obì, kòkó àti ọsàn, olè ni: ó ti ki ẹnu bọ inú ẹ̀ka, omi tí igi fà láti ilẹ̀ ló ń fà mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e dànù tòun tẹ̀ka. Irú ọ́kíìdì tí à ń sọ yìí kò ki nǹkan kan bọ inú igi. Orí èèpo ló jókòó sí, egbò rẹ̀ wà níta gbangba, òjò àti ìrì àti ìdọ̀tí tó bá bómi ṣàn kọjá ló fi ń jẹun. Nílẹ̀ ibi tí Brassavola nodosa ti ṣẹ̀, láti Mẹ́síkò títí dé ìhà àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó tún máa ń hù lórí àpáta etí òkun, níbi tí kò sí igi tó fẹ́ bọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́ àfòmọ́ á dì í mọ́ ara máńgòrò, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, torí ó gbà pé igi á tọ́jú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé á hunjọ, egbò á gbẹ kankan. Ẹlòmíràn á tìtorí orúkọ yẹn fi àdá họ ọ́ kúrò lára ọsàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ọ́kíìdì, bí a ṣe gba tòmátì wọlé tí a kò bá a jà.

Ti iyẹ̀pẹ̀ tilẹ̀ burú ju ti àfòmọ́ lọ, torí pípa ni yóò pa á. Egbò ọ́kíìdì yìí wọ ohun funfun kan tó nípọn. Ẹ̀wù egbò ni mo ń pè é. Bó bá gbẹ, funfun ni. Bí omi bá kàn án, kò ní pẹ́ tí àwọ̀ ewé á hàn lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa kàn án. Iyẹ̀pẹ̀ á dì mọ́ ọn, omi kò ní tètè kúrò, egbò kò ní rí èémí, á sì jẹrà: ẹ fi ìka méjì fà á, ẹ̀wù náà á yọ sí yín lọ́wọ́, á wá ku fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Èyí tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ gé e dànù.

Ìtẹ́ egbò ni kí a máa pe ohun tí ń wọ inú ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó ní ihò nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló dára. Ẹ po ìdá méjì èèpo igi, tàbí èèpo ara àgbọn tí a gé ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, mọ́ ìdá kan èédú igi tí a fọ́ sí ìwọ̀n kan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ dànù, òun ló ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Èèpo àgbọn a máa ní iyọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìkòkò lè dì í mọ́ pátákó tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára, ṣùgbọ́n yóò máa bomi rin ín lójoojúmọ́ nígbà ooru.

Bíbomirin ni mo sọ o. Nínú àlàyé Ẹ̀gbọ́n, "ẹ máa wọ́n omi sí i" ló wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a wọ́n omi, ọ̀tọ̀ ni kí a bomi rin nǹkan. Wíwọ́n ń mú òkè tutù, ó ń jókòó sí ìdí ewé tí ọmọ tuntun ti ń yọ, ibẹ̀ á rà, egbò ìsàlẹ̀ kò sì ní rí nǹkan mu. Àárọ̀ ni kí ẹ da omi sí i títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó tún bù ú. Nínú ooru Ìbàdàn, ìyẹn lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Létí fèrèsé Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Egbò ni kí ẹ wò, ẹ fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú: oòrùn àárọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá, ìbòòji fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́sàn-án. Ewé tó dúdú mìnìjọ̀ kò rí ìmọ́lẹ̀ tó, kò sì ní tanná. Èyí tó ní àmì pupa wínníwínní lára wà ní ipò tó tọ́. Bí ojú ibì kan bá funfun tí ó tún di dúdú, oòrùn ti jó o.

Ó ku ajílẹ̀. Ilẹ̀ wo ló fẹ́ jí nínú èédú àti èèpo igi? Ẹni tó bá lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike fún ohun inú ilẹ̀, orí egbò rẹ̀ á jó di dúdú, iyọ̀ á sì gbá funfun sára ìkòkò. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n náà tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tó bá ń yọ ọmọ, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan ìkòkò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Oúnjẹ ọ́kíìdì ni kí a máa pè é.

Àbúrò yín ni.

*

Àbúrò mi, o ṣé, o kú làálàá.

Ìyáàfin Òru, mo ti yí i dànù. Atasánsán-lálẹ́ dùn létí. Iyẹ̀pẹ̀ náà, mo gbà. Lórí àfòmọ́, mi ò tíì gbà fún ọ. Wo ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: ohun tó fò tó sì mọ́ nǹkan ni. Ti orí obì, ẹyẹ ló ń fi ẹnu nu èso rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Èso ọ́kíìdì ńkọ́? Ó kéré bí eruku, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e fò kiri, tí yóò fi lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Èwo ló wá jẹ́ orúkọ náà jù nínú àwọn méjèèjì? Àwọn àgbà ní "Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní ń bá tan." Ìbátan ni wọ́n sọ, wọn ò dárúkọ olè. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ pé wọ́n á ṣì í lò, jẹ́ kí a ní àfòmọ́ amùgi fún ti orí obì, kí ọ́kíìdì orí igi àti irú rẹ̀ sì jẹ́ àfòmọ́ ajókòó. Ọ́kíìdì orí igi á wá jẹ́ ọ̀kan nínú àfòmọ́ ajókòó.

Egbò tìrẹ náà ní wàhálà. "Egbò ti jẹrà", ta ni yóò kà á tí kò ní rò pé aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń dùn ni à ń sọ? Nínú tewé-tegbò, kò sí ìṣòro. Tó bá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíjẹrà àti gígé, ọgbẹ́ ni etí máa gbọ́. Gbòǹgbò ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbòǹgbò tòótọ́ ń wọlẹ̀ ṣinṣin.

Fi ajílẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá lọ ra oúnjẹ ọ́kíìdì lọ́jà á padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ tí o mẹ́nu kàn, bí a ṣe ń sọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, o kàn yára kọjá níbẹ̀ ni. Òun ló ń sọ ìgbà tí a ń pààrọ̀ ìkòkò, lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta: nígbà tí ọmọ tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò tí kò tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí a bá ṣe é ṣáájú, kò ní gbòǹgbò tí yóò fi mumi. Bí a bá pẹ́, gbòǹgbò tuntun á ṣẹ́. Tí o bá fẹ́ pín in, fi iná jó ẹnu abẹ, kí o sì jẹ́ kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ọmọ mẹ́ta. Má bomi rin ín fún bí ọjọ́ mẹ́rin kí ojú gígé lè gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi ni ìdí ewé. Lára àwọn ọ́kíìdì mìíràn, ó wú, ó ń fi omi pamọ́, a sì lè pè é ní iṣu ìdí. Ti Brassavola nodosa tẹ́ẹ́rẹ́ ni, inú ewé rẹ̀ tó ki ló ń fi omi pa mọ́ sí. Ṣé a ó ní orúkọ méjì ni, àbí ọ̀kan á ká méjèèjì?