Línì E1 wa ń gba ìpè wọlé, àmọ́ a ò lè pe ìta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn ni mo ń bá tọ́jú tẹlifóònù wọn. Asterisk ni PBX náà (ẹ̀rọ tó ń darí ìpè inú hòtẹ́ẹ̀lì), E1 kan, ìyẹn línì tó ń gbé ìpè púpọ̀ pọ̀, ló so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, PRI sì ni ìlànà tó ń lò. Ọgbọ̀n (30) channel ló wà fún ohùn, timeslot 16 (D-channel) ló ń gbé signaling, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìpè tó sì ń parí rẹ̀. Bí oníbàárà bá pè wá, ó ń wọlé wẹ́rẹ́, ohùn á sì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pe ìta, ìpè á já kó tó dún rárá. Nínú debug (àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ yẹn), SETUP tó ń béèrè ìpè á jáde, RELEASE COMPLETE tó ń fòpin sí i á sì dé pẹ̀lú cause 28, ìyẹn ni pé wọn ò gba bí a ṣe to nọ́ńbà.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù la ti ń gba clock (àkókò tí línì ń tẹ̀ lé), CRC4 (àyẹ̀wò àṣìṣe lórí línì) bára mu, D-channel kì í já, nítorí náà mi ò fura sí wáyà. Mo ti fi pridialplan, ìyẹn ètò tó ń sọ irú nọ́ńbà tí a ń pè, sí national, mo yọ òdo iwájú, kò gbà. Mo fi sí unknown pẹ̀lú òdo, ibì kan náà ló já sí. "Línì yín dáa" ṣáá ni ilé iṣẹ́ náà ń sọ. Ó ká mi lára gan-an, torí àwọn àlejò ò lè pe ilé wọn láti yàrá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti so PRI ní Nàìjíríà, ṣé prilocaldialplan, tó kan nọ́ńbà tiwa fúnra wa, ló yẹ kí n yí báyìí?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.