Ẹja eré kọ́, ẹja ìwọ̀ ni: èsì sí ìbéèrè lórí fífi ààyè ẹja ṣe ìjẹ

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín láti Adó-Èkìtì. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti ka ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń gbé ní Texas fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ Yorùbá tó máa ń lọ pẹja lópin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní àkọlé kan ló dá òun dúró, èyí tó sọ pé òfin kò gbà kí ènìyàn fi game fish (àwọn ẹja kan tí òfin dárúkọ) ṣe live bait, ìyẹn ìjẹ tó ṣì wà láàyè, tí a fi kọ́ ìwọ̀ kí ẹja mìíràn lè wá jẹ ẹ́. Ó ní ká bá òun wá Yorùbá rẹ̀. Títí di àná, èsì mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní “ẹja eré” ni game fish. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “ẹja ọdẹ”. Ẹnì kẹta kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan: “Èèwọ̀ ni fífi ẹja eré ṣe ìdẹ alààyè.” Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dúró ná kó tó di títẹ̀. Bí gbólóhùn náà ṣe wà yìí, ẹni tó bá gbé e lọ sétí odò lè torí ẹ̀ san owó ìtanràn.

“Eré” ló ká mi lára jù, òun ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Game ni eré bọ́ọ̀lù, game ni eré ayò. Ṣùgbọ́n game tó wà nínú game fish, inú igbó ló ti wá. Ẹran tí ọdẹ ń lépa ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀: ìgalà, ẹtu, òkété, àparò. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Ní gbogbo Èkìtì, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó pe ìgalà ní ẹran eré. Ẹran ìgbẹ́ là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti so ọdẹ àti apẹja pọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọdẹ ń dẹ ìgbẹ́, apẹja ń dẹ odò. “Dẹ” kan náà ni. Ohun tí game ń wá nínú èdè wa, inú “dẹ” ló wà, kò sí nínú “ṣeré”.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ka “ẹja eré” nínú ìwé náà. Yóò rò pé ẹja tí a fi ń ṣeré ni, irú èyí tí wọ́n ń sìn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Yóò dé etí odò, yóò mú ọmọ bass kékeré kan, ẹja odò tí Texas kà mọ́ game fish, yóò ní ẹja jíjẹ lèyí o, kì í ṣe ti eré. Yóò fi kọ́ ìwọ̀. Ó ti rú òfin, ìtumọ̀ tiwa ló sì mú un rú u.

“Ẹja ọdẹ” tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá sún mọ́ òtítọ́ ju “ẹja eré” lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ẹja tí apẹja ń wá lódò ló jẹ́ ẹja ọdẹ. Òfin tí à ń túmọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ka orúkọ ẹja tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àrọ̀. Ìbátan àrọ̀ tiwa ni èyí tí wọ́n ń pè ní catfish, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà wọn yàtọ̀. Ní Texas, game fish ni blue catfish, channel catfish àti flathead catfish. Ní Florida, catfish kò sí nínú wọn rárá, ènìyàn lè fi ààyè rẹ̀ ṣe ìjẹ. Bluegill, ẹja odò kékeré kan, wá jẹ́ òdìkejì, Florida kà á mọ́ game fish, Texas kò kà á mọ́ ọn. Tí ẹ bá rékọjá òkun dé Britain, orúkọ náà tún yí padà, salmon àti trout pẹ̀lú ìbátan wọn ló ń jẹ́ ẹ níbẹ̀, bass odò Amẹ́ríkà kò sí nínú ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹja bá tóbi tàbí bó bá lágbára, ìyẹn kò sọ ọ́ di game fish. Òfin ibi tí ó wà ló ń sọ ọ́ dà á.

Kí ló wá pa wọ́n pọ̀ nínú òfin Texas àti ti Florida? Ìwọ̀ ni. Àwọn ẹja wọ̀nyí kì í ṣe ẹja tí a ń fi àwọ̀n kó. Okùn àti ìwọ̀ ni òfin sábà máa ń fọwọ́ sí. Àrọ̀ tí Texas tiẹ̀ gbà kí wọ́n fi okùn gígùn mú, ìwọ̀ púpọ̀ ló ṣì wà lára okùn náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1926, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Black Bass Act, tó fi de gbígbé bass tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, kí ọjà má baà kó ẹja náà tán lódò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ aláwọ̀n, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó dá ìwọ̀ tirẹ̀ dání.

Ẹja ìwọ̀ ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní gbogbo ẹja tí a bá fi ìwọ̀ pa ni ẹja ìwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí “igbó ọba”. Kì í ṣe gbogbo igbó tí ọba ní là ń pè bẹ́ẹ̀. Igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé wọ̀ lọ gégi, lorúkọ náà dúró lé lórí, kò sì sí àgbẹ̀ kan tó ń ṣì í gbọ́ lónìí. Lílò ló fi ìtumọ̀ sínú rẹ̀. Ẹja ìwọ̀ náà yóò rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Ó wá ku “ìdẹ alààyè”. Lórí èyí, mi ò fẹ́ jókòó sílé kí n máa rò ó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkùn-Èkìtì ní Mọ̀bà, mo bá bàbá apẹja kan létí dáàmù ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ọ̀rọ̀ ni mo wá kọ́. Wọ́n tú ike kékeré kan fún mi wò. Ekòló wà nínú rẹ̀, ìfun adìẹ wà níbẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ náà wà níbẹ̀. Ùjẹ ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. (Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Èkìtì, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iṣu ní uṣu, bí a ṣe ń pe ìjẹ náà nìyẹn.) Mo ní, “Bàbá, ọṣẹ kẹ̀? Ṣé ẹja ń jẹ ọṣẹ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀ pé ọṣẹ ni, ọmọ mi. Ẹja ò mọ̀.”

Mo ti ń ro gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ náà. Ojú ẹja ni “ìjẹ” fi ń wo ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí ẹja bá rò pé jíjẹ ni, ìjẹ ni, ìbáà jẹ́ ọṣẹ. “Ìdẹ” kò burú, àwọn kan ń lò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń dẹ ni òun ń tọ́ka sí, ó sì tún lè jẹ́ iṣẹ́ dídẹ fúnra rẹ̀. Ẹ tún gbọ́ “jẹ” yẹn nínú “ìtànjẹ”. À ń fi àgbàdo tan adìẹ, à ń fi ekòló tan ẹja, ó jẹ ẹ́, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó jọ lójú mi pé ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ti kọ́kọ́ wà lẹ́nu adìẹ àti ẹja kó tó kàn wá.

Mo wá bi bàbá bóyá wọ́n máa ń fi ẹja ṣe ìjẹ fún ẹja. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ẹ̀pìyà, nígbà tí wọ́n bá ń wá àrọ̀ ńlá. Mo ní, “Òkú ẹ̀ ni àbí ààyè ẹ̀?” Wọ́n ní, “Ààyè ẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n lábẹ́ omi, àrọ̀ á gbọ́.” Lẹ́yìn náà wọ́n fi kún un pé kíá làwọn máa ń jù ú sómi, pé àwọn kì í fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Mi ò béèrè ìdí. Ojú omi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹ kíyè sí i pé wọn ò sọ “alààyè”. Ẹ̀dá alààyè là ń sọ nínú ìwé. Létí odò àti lọ́jà, ààyè àti òkú ni. Fi ààyè ẹja ṣe ìjẹ: ó ti parí, kò nílò orúkọ tuntun kankan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ìbéèrè méjì ni Gẹ̀ẹ́sì dì sínú àkọlé kan ṣoṣo yẹn, àwa náà sì fẹ́ gbé e bẹ́ẹ̀ láìtú u. Ìkíní: irú ẹja wo ni? Ìkejì: ṣé ó wà láàyè? Texas ń béèrè ti àkọ́kọ́. Bí ẹja bá jẹ́ game fish, kò gbọ́dọ̀ di ìjẹ, ààyè rẹ̀ o, òkú rẹ̀ o. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òfin gbogbogbòò ibẹ̀ ní kí largemouth bass má kéré sí íńṣì 14, kí ẹnì kan má sì mú ju 5 lọ lóòjọ́. Bí mo bá lè gé ọmọ bass sára ìwọ̀ kí n ní ìjẹ lásán ni, íńṣì àti iye ti di asán. Scotland ń béèrè ti ìkejì. Láti ìgbà òfin tí wọ́n ṣe ní 2007, ẹni tó bá ń pẹja inú odò kò gbọ́dọ̀ fi ààyè ẹja kankan ṣe ìjẹ, ìbáà jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ. Norway náà kò gbà á. England gbà á, ṣùgbọ́n inú omi tí o ti mú ẹja náà ni kí o ti lò ó. Àrùn ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀, àti ẹja àjèjì. Láti 2005 tí àrùn ẹja VHS ti fara hàn ní àwọn adágún ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, òfin gbígbé ààyè ìjẹ káàkiri ti le sí i ní agbègbè yẹn.

Bí a bá wá kọ “ìdẹ alààyè” fún àwọn ará wa ní Texas, wọn yóò rò pé òkú bass kò léwu. Ó léwu. Àkọlé kọ́ ló yẹ kí àbúrò wa túmọ̀, òfin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni.

“Èèwọ̀” ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í síbẹ̀. Ọ̀ṣun tó ń ṣàn láti Ìgèdè-Èkìtì níbí dé Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun níbẹ̀, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí UNESCO tó fi igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àtáọ́ja tí ọba ibẹ̀ ń jẹ́, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni. Èèwọ̀ nìyẹn. Kì í ní íńṣì, kì í yí padà ní ẹnubodè ìpínlẹ̀, àwọn aṣòfin kò lè jókòó kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Òfin ẹja inú odò ti Nàìjíríà, ti 1992, tó ka májèlé àti àdó olóró léèwọ̀ fún apẹja, èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ “ka léèwọ̀” síbẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti ṣì í lò. “Dè” ni ká máa lò: òfin de májèlé, òfin de fífi ẹja ìwọ̀ ṣe ìjẹ.

Ẹ̀tọ́ ló kù, àbúrò wa sì fẹ́ kó wà nínú ìwé náà. Mo bá a fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó má fi “ó bófin mu” rọ́pò “ó tọ́”. Ní Texas, ènìyàn lè gún ìwọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ààyè bluegill, kó fi í sílẹ̀ lábẹ́ omi fún wákàtí méjì. Ó bófin mu. Èmi kò gbà pé ó tọ́. Ní 2003, Lynne Sneddon, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain tẹ ìwádìí kan jáde pé àwọn iṣan tó ń mọ ìpalára lára wà ní orí àti ojú trout. Àwọn àgbà wa kò dúró de ìwádìí. Wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti kọ ọ́ síbí pé ẹja ńlá ṣáà ń gbé kékeré mì lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń gbé e mì. Èyí tí à ń sọ yìí, ó ń jìyà kó tó di jíjẹ. Mi ò sì lè fi bàbá tó wà ní Ìkùn, tó ń wá ọbẹ̀ alẹ́, wé ẹni tó ń wá ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀ kan náà ni, àìní wọn kò dọ́gba.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí àbúrò wa kọ nìyí: “Òfin Texas de fífi ẹja ìwọ̀ ṣe ìjẹ, ìbáà jẹ́ ààyè rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkú rẹ̀.” Kó wá to orúkọ àwọn ẹja náà sísàlẹ̀ rẹ̀ bí Texas ṣe kà wọ́n. Lábẹ́ ìyẹn, kó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun fún ìbéèrè bóyá ó tọ́ láti fi ààyè ẹja kankan ṣe ìjẹ.

Ohun kan ṣì ṣòro fún mi. Okùn gígùn tí a so ọ̀pọ̀ ìwọ̀ mọ́, tí a ń nà lódò sùn, bàbá kò lò ó, mi ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tó ní ẹbí létí odò ńlá tàbí létí ọ̀sà, ẹ bá mi bi wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.