Kímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ìbéèrè:
Ẹ kú ilé o. Wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n àwòrán CT fi hàn pé ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, kókó kéékèèké méjì ni wọ́n rí níbẹ̀. Dókítà tó ń fúnni ní oògùn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gba kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, fún oṣù mẹ́ta ná; oníṣẹ́ abẹ ní òun lè gé kókó náà báyìí. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì ẹ̀ka jẹjẹrẹ:
Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n yín sàn. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìwádìí EORTC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Yúróòpù, tó jáde ní 2008, wọ́n pín èèyàn 364 tí kókó ẹ̀dọ̀ wọn kò ju mẹ́rin lọ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan, àwọn yòókù gba kímò ìgbà mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ àti ìgbà mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 35 nínú 100 àwọn tó gba kímò ni àìsàn náà kò tíì padà sí lára, nígbà tó jẹ́ 28 láàárín àwọn yòókù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 51 àti 48 nínú 100 ni, ìyàtọ̀ tí èèyàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn ló fà á. Bí kókó bá wà níbi tí kò ṣeé gé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: kímò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú kó lè mú un kéré.

Ìdáhùn kejì:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Kímò tó bá pẹ́ jù a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́: oògùn kímò tó ń jẹ́ oxaliplatin lè pa àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ lára, òmíràn tó ń jẹ́ irinotecan lè kó ọ̀rá sí i, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló sì gbọ́dọ̀ hù padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn kímò ìkẹyìn kí wọ́n tó gé e, tàbí mẹ́fà bí oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ bevacizumab bá wà nínú rẹ̀. Bákan náà, kókó kékeré lè parẹ́ nínú àwòrán, kí inú ẹbí máa dùn, síbẹ̀ kí jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀, tí oníṣẹ́ abẹ kò sì ní mọ ibi tí yóò gé. Èmi á tẹ̀ sí ti oníṣẹ́ abẹ, bí ara ẹ̀gbọ́n yín bá le.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kókó lè parẹ́ nínú àwòrán kó má sì tíì lọ. A ó bẹ̀bẹ̀ kí dókítà méjèèjì jọ wo àwòrán náà kí ẹ̀gbọ́n mi tó gba kímò kankan.