Lẹ́yìn ewéko ìbolẹ̀, ìgbà wo ni kí n gbin tẹ̀tẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ilẹ̀ oníyanrìn ni mo ń ro ní Ọ̀jọ́, bẹ́ẹ̀dì 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 1. Ẹ̀wà àti àgbàdo ni mo gbìn pọ̀ láti fi bo ilẹ̀. Ẹ̀wà ti ń yọ òdòdó báyìí, àsìkò àtigé e nìyẹn, torí bó bá ti so, inú èso ni náítírójìn rẹ̀ (oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà) ń wọ́ lọ.

Igi àgbàdo ló ń dà mí láàmú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ṣáájú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, mo ro méjèèjì mọ́lẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, ni ewé ìsàlẹ̀ bá di pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń jẹ igi náà ló gba náítírójìn mọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà kejì, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kí n tó gbin tẹ̀tẹ̀. Òjò ti fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kúkú mọ ìwà iyanrìn. Mo ti gé igi náà wẹ́wẹ́, mo fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún un, garawa 2 sí bẹ́ẹ̀dì kan. Ó sàn díẹ̀. Mo tún rò ó pé kí n kó àgbàdo kúrò, àmọ́ ewé ẹ̀wà nìkan á tètè jẹrà, oòrùn á sì jó ilẹ̀.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: lórí iyanrìn, lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ mélòó ló yẹ kó wà láàárín ríro àdàlù yìí mọ́lẹ̀ àti gbíngbin tẹ̀tẹ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.